Ẹni Tó Jẹ Mọ́tò Tó Tún Wá Yáwó: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Kan ní Ìjẹ̀bú-Òde

Ìwé ẹ̀yáwó mẹ́sàn-án ló wà níwájú ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní ìpàdé oṣù Kẹrin ọdún 2025. Mẹ́jọ kọjá láìsí wàhálà. Ìkẹsàn-án ló dá ariwo sílẹ̀. Obìnrin tó kọ ọ́, kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ní ọjà Òkè-Ajé, torí oṣù méjì ṣáájú ló jẹ mọ́tò tuntun nínú prómò ilé-iṣẹ́ kan, tí àwòrán rẹ̀ sì gba gbogbo Facebook àti WhatsApp kan. Ó ń tọrọ ₦480,000, ìlọ́po méjì owó tó ti fi pamọ́ sọ́dọ̀ wa. Akápò ka ìwé náà tán, ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ní, "Mọ́tò mílíọ̀nù mẹ́rìnlá wà níta, wọ́n tún wá ń yáwó lọ́dọ̀ wa. Ṣé wọn ò fẹ́ fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ báyìí?"

Èmi ni akọ̀wé. Wọ́n ní kí n lọ jókòó ti ìyá náà, kí n bá a ṣírò owó tó wọlé àti èyí tó jáde, kí n mú àbọ̀ wá. Ohun tí mo bá níbẹ̀, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ni mo kọ síbí. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ ọ́ kí àwọn mìíràn lè rí i kà, bí mi ò bá ti dárúkọ òun tàbí ilé-iṣẹ́ náà. Ìyá Gàrí ni n ó máa pè é, torí gàrí Ìjẹ̀bú ló ń tà, èyí tó kan dáadáa tó sì wẹ́, tí àwọn ará Èkó ń wá rà ní àpò-àpò. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni ọkọ rẹ̀, Tíṣà náà sì ni gbogbo àdúgbò ń pè é títí dòní.

Ìpè tí wọn ò kọ́kọ́ gbà gbọ́

Inú páálí nǹkan jíjẹ kan ni nọ́ńbà prómò náà wà. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló ń bá a ha á, òun náà ló ń bá a fi ránṣẹ́. Nígbà tí wọ́n pè é lóṣù Kìíní pé ó jẹ mọ́tò àti mílíọ̀nù kan náírà, ó ní, "Olè ni yín, ẹ ò ní rí tèmi jẹ," ó sì pa fóònù. Wọ́n tún pè, ó tún pa á. Mi ò dá a lẹ́bi. Ta ni irú ìpè bẹ́ẹ̀ ò tíì dún sí fóònù rẹ̀ rí: o ti jẹ ẹ̀bùn, ó ku owó kékeré tí wàá fi gbà á sílẹ̀? Òfin tó de jìbìtì irú èyí wà láti ọdún 2006, EFCC sì ń fi mú wọn, síbẹ̀ wọn ò tíì tán nílẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òótọ́ ni ti èyí ni pé àwọn tó ń pè kò ní kó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́. Wọ́n ní kó mú NIN rẹ̀ àti páálí tí wọ́n ha dání wá sí ọ́fíìsì àwọn n'Íkẹjà. Tíṣà kọ́kọ́ lọ sí ibi tí ilé-iṣẹ́ náà ń kó ọjà sí ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó sì rí orúkọ ìyàwó rẹ̀ lára ògiri. Ó fẹ́ bi ìjọba náà léèrè, àmọ́ kò mọ èwo nínú ìjọba. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ní 22 oṣù Kọkànlá ọdún 2024 ni Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá a lẹ́jọ́ pé ìjọba àpapọ̀ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti máa ṣòfin lọ́tìrì àti tẹ́tẹ́ fún àwọn ìpínlẹ̀, kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa bójú tó tirẹ̀. Ẹni tó ti mọ Àbújá tẹ́lẹ̀ wá ní láti kọ́ ọ̀nà Abẹ́òkúta.

Sọ̀wédowó páálí

Lọ́jọ́ tí wọ́n fún un ní mọ́tò, nínú oṣù Kejì, wọ́n gbé sọ̀wédowó kan lé e lọ́wọ́ tí wọ́n fi páálí ṣe, tó ga dé èjìká rẹ̀, tí wọ́n kọ ₦1,000,000 gàdàgbà sí lára pẹ̀lú ìńkì pupa. Ó fi apá ọ̀tún gbá a mọ́ra, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò wà lọ́wọ́ òsì. Àwòrán yẹn ni gbogbo ìlú rí. Èyí tí ìlú kò rí ni áláàtì tó wọ fóònù rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta: ₦250,000.

Ó rò pé wọ́n ti jà á lólè. Ó fi áláàtì náà hàn mí, ó fi ìwé tí ilé-iṣẹ́ náà kọ tẹ̀ lé e hàn mí pẹ̀lú. Bó ṣe jẹ́ rèé. Ìlànà tuntun kan wà lórí owó-orí tí wọ́n ń yọ kí owó tó dé ọwọ́ ẹni tó ni ín. Ó ti ń ṣiṣẹ́ láti 1 oṣù Kìíní ọdún 2025. Ó ní kí wọ́n yọ ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún nínú ohun tí ènìyàn bá jẹ nídìí lọ́tìrì, tẹ́tẹ́ tàbí ìdíje orí tẹlifíṣọ̀n, bó bá jẹ́ ẹni tó ń gbé Nàìjíríà. Ìdá 15 ni ti ẹni tí kì í gbé ibẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà ka mọ́tò sí mílíọ̀nù 14, wọ́n fi mílíọ̀nù kan kún un, ó di 15. Ìdá 5 nínú rẹ̀ jẹ́ ₦750,000. Ta ló máa yọ táyà mọ́tò kan fi san owó-orí? Inú owó ni wọ́n ti yọ gbogbo rẹ̀.

Mi ò rí ìrẹ́jẹ níbẹ̀. Ìwé àlàyé prómò náà sọ ọ́ pé owó-orí àti owó ìforúkọsílẹ̀ wà lọ́rùn ẹni tó bá jẹ ẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lẹ́tà rẹ̀ wẹ́ débi pé Tíṣà ní láti gbé e sún mọ́ gílóòbù kó tó rí i kà. Ṣùgbọ́n látọjọ́ náà lọ, gbogbo ẹni tó bá wá bá Ìyá Gàrí sọ̀rọ̀ owó, mílíọ̀nù kan inú àwòrán ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Àwọn gbájú-ẹ̀ náà rí àwòrán yẹn. Ọ̀kan pè é pé òun ni bánkì rẹ̀, pé kó ka nọ́ńbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ fóònù rẹ̀ fún òun. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló já fóònù gbà.

Ẹni tó bá jẹ ẹ̀bùn lásìkò yìí tún ní láti la ojú rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin owó-orí tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní 26 oṣù Kẹfà ọdún 2025, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1 oṣù Kìíní ọdún 2026, dárúkọ ẹ̀bùn àti ohun tí a jẹ mọ́ àwọn ohun tí a ń san owó-orí lé lórí. ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tí a ń ka owó-orí lé lọ́dún kò ní owó-orí, ìdá 15 ni ti mílíọ̀nù 2.2 tó tẹ̀ lé e, ó ń gun òkè bẹ́ẹ̀ títí dé ìdá 25 fún ohun tó bá kọjá mílíọ̀nù 50. Nítorí náà, kí ẹni tí wọ́n bá yọ ìdá 5 lọ́wọ́ rẹ̀ má rò pé ó ti parí. Kó lọ bi òṣìṣẹ́ owó-orí kó tó ná ìyókù.

Mọ́tò délé

Kò sí ẹni tó lè wa mọ́tò nínú ilé wọn. Ojú Tíṣà kò gbé e mọ́. Ọmọ wọn tó wà ní yunifásítì l'Ágọ̀-Ìwòyè mọ̀ ọ́n wà díẹ̀, kò ní láísẹ́ńsì. Wọ́n bẹ dírẹ́bà lọ́wẹ̀, ẹbí mẹ́rin sì tẹ̀ lé wọn lọ sí Ìkẹjà torí ta ni kò fẹ́ bá wọn gbé mọ́tò bọ̀? Owó ọkọ̀, epo àti owó dírẹ́bà jẹ́ ₦60,000. Nọ́ńbà, pátíkúlà àti owó ẹni tó bá wọn sá sókè sá sódò jẹ́ ₦145,000. Nínú ₦250,000, ₦45,000 péré ló kù, mọ́tò ò tíì sùn nílé fún ọ̀sẹ̀ kan.

Àbí kí n ní kò tilẹ̀ sùn nílé rárá. Ilé tí yàrá kọjú sí yàrá ni wọ́n ń gbé, kò ní géètì, ojú títì ni ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ilé epo kan nítòsí ló gbà kí wọ́n máa gbé e síbẹ̀ lóru, ₦10,000 lóṣù fún ọlọ́dẹ.

Inú pátíkúlà yẹn ni ìnṣọ́ránsì tí òfin fi dandan lé wà, èyí tí wọ́n sọ di ₦15,000 láti oṣù Kìíní ọdún 2023. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti bá ẹni tí a bá gbá tún nǹkan rẹ̀ ṣe, tó fi dé mílíọ̀nù 3; kò kan mọ́tò tiwa. Èyí tó ń tún mọ́tò tiwa ṣe, àjọ tó ń ṣàkóso ìnṣọ́ránsì ti ní owó rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín ní ìdá 5 nínú iye mọ́tò. Ti mọ́tò mílíọ̀nù 14 jẹ́ ₦700,000. Lọ́dọọdún! Nígbà tí mo ṣírò rẹ̀ fún Ìyá Gàrí, ó pàtẹ́wọ́, ó ní, "Akọ̀wé, gbogbo gàrí tó wà ní ṣọ́ọ̀bù mi kò tó bẹ́ẹ̀."

Ẹnì kan tí Tíṣà kọ́ nílé-ìwé rí ń ta mọ́tò ní Ṣàgámù. Kí wọ́n tó fi nọ́ńbà sí mọ́tò náà ló ti pè: "Tíṣà, ẹ má jẹ́ kí orúkọ ẹnikẹ́ni wọ ìwé rẹ̀. Mílíọ̀nù 12 àti ààbọ̀ ni n ó san, lónìí." Tíṣà kọ̀. Nígbà tí mo bi í pé kí ló dé, ohun tó sọ ni pé, "Kí ni mo fẹ́ sọ fáwọn ènìyàn? Pé ebi ń pa wá?" Lójú tèmi, ọjọ́ yẹn ni owó tó pọ̀ jù lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí bọ́ lọ́wọ́ wọn, wọn ò sì mọ̀, torí kò sí áláàtì tó dún. Mọ́tò tí kò tíì ní nọ́ńbà, tuntun ni. Bí nọ́ńbà bá ti gun ara rẹ̀, àlòkù ni lójú ẹni tó ń ra mọ́tò, kódà bí ọ̀rá bá ṣì wà lórí ìjókòó.

Ìdúpẹ́ kékeré

Ohun tí Ìyá Gàrí ní lọ́kàn ni pé kí òun se ìrẹsì níwọ̀nba fún ẹgbẹ́ àsàlátù òun, kí Ààfáà ṣe àdúà, kí kálukú máa lọ sílé. Àwọn ìyálọ́jà gbọ́. Ẹgbẹ́ Tíṣà gbọ́. Ẹbí Ìjẹ̀bú-Igbó gbọ́, ti Èpé náà gbọ́. Àwọn àgbà ò ṣáà lè wá kí wọ́n má rí ìkọ́kọrẹ́ jẹ. Bí wọ́n ṣe ń gbé kánópì dé ni ẹnì kan ń bi í pé níbo ni àwọn onílù máa jókòó sí. Kò pe onílù kankan, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ló bá a pè wọ́n. Nígbà tí wọ́n máa palẹ̀ mọ́, ₦540,000 ti lọ. Ọwọ́ obìnrin kan tó ń yáni lówó èlé ló ti gba ₦300,000 nínú rẹ̀, ìdá 10 lóṣù. Owó tí àwọn àlejò ná fún un lójú agbo lọ́jọ́ náà jẹ́ ₦85,000.

Nígbà tí mo mú èyí dé ìpàdé, wọ́n ní ta ló fipá mú un. Kò sẹ́ni tó fipá mú un lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹnì kan nínú wa fi bí obìnrin ọjà ṣe lè jẹ mọ́tò ní Ìjẹ̀bú-Òde, kó má pe ènìyàn, hàn mí. Wọ́n á ní ahun ni. Wọ́n á ní oògùn ló wà nídìí ẹ̀. Àwọn tó sì máa sọ bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń bá a ra gàrí.

Àwìn

Ibi tí mo rò pé ọ̀rọ̀ yìí ti yí padà nìyí, kò sì sí nínú ìwé prómò kankan.

Tẹ́lẹ̀, obìnrin méjì láti Ìjẹ̀bú-Igbó ló ń kó ogún àpò gàrí wá fún un lẹ́ẹ̀kan, yóò sì san owó rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, nígbà tó bá ti tà á. Kò sí ìwé láàárín wọn, ẹnu lásán ni. Gbogbo òwò rẹ̀ dúró lé ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, torí owó ọwọ́ rẹ̀ gan-an kò ra ju àpò mélòó kan lọ. Lẹ́yìn tí àwòrán jáde, wọ́n wá. Wọ́n yọ̀ fún un dáadáa, wọ́n jẹ ìrẹsì. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni àgbà inú wọn ní, "Màmá, ẹ má bínú, owó ọwọ́ la máa fẹ́ báyìí. Àwọn tó ń yan gàrí fún wa náà ń dà wá láàmú, ẹ̀yin sì ti kúrò ní ẹgbẹ́ àwọn tó ń ra àwìn." Wọn ò bínú sí i. Lójú tiwọn, ẹni tó ní mílíọ̀nù kan ní báńkì ló ń fi owó wọn ṣòwò.

Àwọn tó jẹ Ìyá Gàrí ní gbèsè náà sì yí ohùn padà. Obìnrin kan tó ń ta oúnjẹ jẹ ẹ́ ní ₦7,000. Nígbà tó lọ béèrè, ìyẹn rẹ́rìn-ín sí i: "Ẹ̀yin ọlọ́kọ̀, kí lẹ fẹ́ fi ẹgbẹ̀rún méje ṣe?" Ó fi ṣe ẹ̀fẹ̀, kò sì san án. Ẹ wò ó: àwọn tó ń fún un láwìn dá a dúró, àwọn tó ń gba àwìn lọ́wọ́ rẹ̀ jókòó lé owó rẹ̀. Ogún àpò di mẹ́fà. Èyí ló gbé ìwé ẹ̀yáwó ₦480,000 dé iwájú wa. Akápò rò pé ó fẹ́ fi ra epo mọ́tò ni.

Onílé ò gbẹ́yìn. ₦180,000 lọ́dún di ₦300,000. Ẹni à ń wò kì í wòran.

Ti ẹbí, mi ò ní kà á tán. Owó ilé-ìwé, owó ìsìnkú, owó oògùn, ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀rọ ìránṣọ: ₦180,000 títí di Iléyá, ó sì bínú sí ara rẹ̀ pé kò tó. Ẹ̀yìn ìpàdé wa ni àbúrò Tíṣà yá mọ́tò lọ síbi ìgbéyàwó kan n'Íkòròdú, ó fi imú rẹ̀ gbá òpó. Iná iwájú àti bọ́ńpà kò sí ní Ìjẹ̀bú-Òde, Èkó ni wọ́n ti rà á. Pẹ̀lú iṣẹ́ páńẹ́ẹ̀lì àti ọ̀dà, ₦310,000. Àbúrò náà tọrọ àforíjì.

Ohun tí ìgbìmọ̀ ṣe

Ìpàdé oṣù Karùn-ún la ti parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo ka ìṣirò mi síta. Ọ̀kan nínú wa tí ọmọ rẹ̀ wà l'Ámẹ́ríkà rán wa létí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́hùn-ún ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2004, nígbà tí Oprah Winfrey fún gbogbo ènìyàn tó wá wo ètò tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ ní mọ́tò Pontiac G6, mọ́tò 276 lẹ́ẹ̀kan náà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lọ sí bíi $28,000. Ìjọba ibẹ̀ ka mọ́tò sí owó tó wọlé fún wọn, owó-orí tó dé bá àwọn kan sì tó $7,000. Ẹni tí kò ní in, kó ta mọ́tò fi san án, tàbí kó má gbà á rárá. Bàbá náà ní, "Àwọn wọ̀nyẹn ò tilẹ̀ ní ẹbí Èpé o."

A gbà láti fún un ní ₦200,000, kì í ṣe 480, pé ọwọ́ àwọn obìnrin Ìjẹ̀bú-Igbó ni a máa san án sí tààrà. Akápò àti ẹlòmíràn kan kò fọwọ́ sí i, ó wà nínú ìwé. A tún ní kí n bá tọkọtaya náà sọ ọ́ pé kí wọ́n ta mọ́tò. Ìyá Gàrí ti gbà kí n tó sọ̀rọ̀ tán. Tíṣà ní ó di ẹ̀yìn Iléyá.

Mo mọ ohun tó fà á. Iléyá ọdún náà bọ́ sí 6 oṣù Kẹfà, Ojúde Ọba, ọjọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ Ìjẹ̀bú máa ń lọ kí Awùjalẹ̀, sì jẹ́ ọjọ́ kẹta rẹ̀, 8 oṣù Kẹfà. Nínú rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ tirẹ̀, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọjọ́ orí rẹ̀, ₦50,000 ni kálukú dá; Tíṣà nìkan ni wọ́n bù ₦150,000 fún, wọ́n ní ọlọ́kọ̀ ni. Aṣọ ẹgbẹ́, fìlà, ìlẹ̀kẹ̀, àgbò tí gbogbo ilé ń retí: nígbà tí wọ́n fi máa ti Ojúde Ọba bọ̀, ₦420,000. Mo ti pinnu láti sọ̀rọ̀ sí i lórí ìyẹn. Oṣù tó tẹ̀ lé e, ní 13 oṣù Keje, Ọba Sikiru Adétọ̀nà, Awùjalẹ̀ Ìjẹ̀bú tó ti wà lórí ìtẹ́ láti ọdún 1960 wàjà. Tíṣà ní, "Ojúde Ọba tó kẹ́yìn nígbà ayé Kábíyèsí ni, mo sì wọ aṣọ ẹgbẹ́ mi lọ. Owó yẹn kò dùn mí." Mi ò bá a jiyàn.

Oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n tó tà á, fún ọmọ Ṣàgámù yẹn kan náà. Ó fi ìka tọ́ ọ̀dà iwájú wò, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ní mílíọ̀nù 10 àti ₦200,000. Mílíọ̀nù 2.3 ló fi dín sí ohun tó fẹ́ san lóṣù Kejì.

Ìṣirò tí mo fi sínú fáìlì nìyí. Ohun tí wọ́n ná lé mọ́tò àti nítorí mọ́tò, pẹ̀lú ₦70,000 owó ilé epo àti èlé oṣù mẹ́fà tí í ṣe ₦180,000, jẹ́ ₦1,905,000. Bí a bá fi owó áláàtì àti owó tí wọ́n ná fún un kún iye tí wọ́n ta mọ́tò, tí a sì yọ ìnáwó kúrò, ó ku ₦8,630,000. Mi ò ka àfikún owó ilé mọ́ ọn, mi ò sì mọ bí a ṣe ń ka gàrí tí kò rí tà láti oṣù Kẹta sí oṣù Karùn-ún. Kí ẹnikẹ́ni má sì gbé èyí ka ibi kan pé ẹ̀bùn ba ayé ìyá kan jẹ́. Mílíọ̀nù mẹ́jọ àti ààbọ̀ kì í ṣe owó tí ẹni tó ń ta gàrí ń rí lójijì. Ó ti fi díẹ̀ ra ilẹ̀ ìdajì pílọ́ọ̀tì, ìyókù wà ní báńkì. Ohun tó ń dun Ìyá Gàrí ni pé nínú gbogbo oṣù tí mọ́tò fi wà lọ́wọ́ wọn, òun ò wọ̀ ọ́ lọ sọ́jà lẹ́ẹ̀kan.

Obìnrin olóúnjẹ mú ₦7,000 wá fúnra rẹ̀ nígbà tó gbọ́ pé wọ́n ti ta mọ́tò. Ẹ̀yáwó wa, ó san án tán lóṣù Kọkànlá. Àwọn ará Ìjẹ̀bú-Igbó ti ń fún un láwìn padà, ọ̀sẹ̀ kan ni báyìí, kì í ṣe méjì. Onílé kò dín owó ilé.